Omi Tó Ń Ṣàn Ní Ilé Kẹsàn-án

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ìlú ńlá máa ń dára jù, ẹ má bi àwọn tó ń jí ní aago méje. Bàbá Olómi ni kí ẹ bi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń jáde nílé ní aago mẹ́rin ìdájí, tí òtútù ń fẹ́ sí i létí, tí kọ́kọ́rọ́ irin tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ sì wà léjìká rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí omi. Abẹ́ títì, nínú àwọn kòtò kéékèèké tí wọ́n fi ìdérí irin dé, ni wọ́n ti ń ṣí omi àdúgbò mẹ́ta. Bí Bàbá Olómi kò bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ibẹ̀, kó yí i ní ìgbà mẹ́tàlélógún géérégé, kò sẹ́ni tí yóò bọ́jú, kò sẹ́ni tí yóò gbé tíì kaná, àwọn ọmọ ilé ìwé yóò sì lọ tòun ti ipin lójú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni ńlá níbi iṣẹ́. Ọ̀pá etí ni. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, pákó roboto wà lórí rẹ̀. Wọn á fi ìdí rẹ̀ kan páìpù, wọn á gbé etí lé pákó náà, gbogbo ohun tí omi ń ṣe nínú ilẹ̀ yóò sì máa dún sí wọn létí. Àwọn kan wà tí wọ́n á gbé etí lé e títí ọrùn á fi máa ro wọ́n, wọn kò ní gbọ́ ohunkóhun. Bàbá Olómi ní tirẹ̀ lè sọ fún yín pé páìpù ti lu níwọ̀n ojú abẹ́rẹ́ ní ìwájú ilé kẹta sí ibi tí ẹ dúró sí. Kò tíì ṣì í gbọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdájí yẹn ni ìgbádùn ayé rẹ̀. Ó fẹ́ràn bí ìró bàtà rẹ̀ nìkan ṣe máa ń dún lórí títì. Ó fẹ́ràn òórùn búrẹ́dì tó máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde kí wọ́n tó ṣí ilé búrẹ́dì, àti obìnrin agbálẹ̀ tó máa ń gbé ìgbálẹ̀ sókè láti òdìkejì títì láti kí i, láìsọ ohunkóhun, bí ọ̀gá ológun. Ó fẹ́ràn àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀, tí wọ́n ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó yé àwọn nìkan. Èyí tó fẹ́ràn jù lọ ni ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tó bá yí kọ́kọ́rọ́ tán. Á gbé etí lé ọ̀pá. Lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀ á pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà, páìpù á húkọ́. Ẹ̀rọ kan á ṣí níbì kan, òmíràn á ṣí, òmíràn á tún ṣí, títí gbogbo àdúgbò á fi máa dún bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Òun ló jí wọn. Wọn kò mọ̀, kò sì bínú pé wọn kò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dùn ún: kò rí ẹni tí yóò bá a jẹ ìgbádùn ọ̀hún. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń pè ní Ìyá Wọn nítorí àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí, kì í fẹ́ rí ìdájí sójú. Aránṣọ ni. Ọ̀sán ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú pálọ̀. Bí Bàbá Olómi bá ń jáde ní aago mẹ́rin, aṣọ ìbora ti bò ó dé orí. Bó bá padà dé ní aago mẹ́jọ, á bá a tòun ti aṣọ ìsùn, irun rẹ̀ á rí wúruwùru, á sì máa yán bí ẹni tí wọ́n fipá jí.

"Ọ̀gá olóorun," Bàbá Olómi á wí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, bàbá wọn," ìyàwó á dáhùn, á tún yán. "Ẹ̀yin àti àkùkọ lẹ jọ ń ṣeré ìje. Èmi ò sí níbẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú nìkan, tí kì í lọ síbi iṣẹ́, ni àwọn méjèèjì jọ máa ń sùn títí di aago méje. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Bàbá Olómi fẹ̀yìn tì. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò dá kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀pá etí padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé inú rẹ̀ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì kan tó gba ènìyàn méjì, ó fi pamọ́ sẹ́yìn sítọ́ọ̀ ibi iṣẹ́.

"Láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, "èmi àtìyàwó mi la ó jọ máa jókòó sẹ́yìnkùlé wo bílẹ̀ ṣe ń mọ́. Màá jí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó máa kọ́kọ́ bínú o, ṣùgbọ́n ó máa mọ́ ọn lára."

Ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Afínjú, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun wọ inú kòtò. Wọ́n ti jọ ń rìn láti oṣù kan.

"Ṣé ẹ ti bi wọ́n?" Afínjú béèrè.

"Bi ta ni?"

"Màmá. Pé ṣé wọ́n máa fẹ́ jí."

Bàbá Olómi rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n máa ń gbàṣẹ kí wọ́n tó fún èèyàn lẹ́bùn ni?"

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ní omi inú táǹkì orí òkè ń lọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń lò ó, àfi bí páìpù bá ti lu ní ojúlé mẹ́rìnlá tó ń gbomi láti ibẹ̀. Àdúgbò ọ̀hún kò sí lára ti Bàbá Olómi, nítorí omi wọn kì í dúró, kò sí ìdí láti ṣí i fún wọn. Ṣùgbọ́n àdúgbò rẹ̀ náà ni. Ibẹ̀ ló ń gbé.

"Ẹ̀yin lẹ létí, Bàbá," ọ̀gá wí. "Ẹ bá wa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó lọ."

Orí Bàbá Olómi wú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ṣì ń sùn. Bí omi bá ń ṣàn láìsí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ, a jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń mu ún. Ní ọjọ́ kejì, òun àti Afínjú bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní. Wọ́n ń ṣí ìdérí irin tó wà lẹ́nu géètì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ilé kìíní, kẹ́kẹ́. Ilé kejì, kẹ́kẹ́. Ní ilé karùn-ún, Afínjú ní òun gbọ́ nǹkan. Bàbá Olómi gbé etí lé e, ó ní ajá ni, ó ń fi ẹ̀yìn ha páìpù.

Ilé kẹsàn-án ni ilé tirẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó fò ó, ṣùgbọ́n Afínjú ti ṣí ìdérí. Bàbá Olómi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí lé pákó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Omi ń ṣàn. Kì í ṣe pé ó ń kán, ó ń ya gbùrù. Ó gbé etí kúrò, ó nu ún, ó tún gbé e padà. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìkejì kọjá, ìkẹta kọjá, omi kò dáwọ́ dúró. Ara Bàbá Olómi bù máṣọ. Abẹ́ ilé òun! Òun tó ń wá omi tó ń jò káàkiri ìlú láti ọjọ́ tó ti wà ní ọ̀dọ́!

"Bàbá," Afínjú wí pẹ̀lẹ́, "ṣé kì í ṣe pé ẹnìkan ń wẹ̀ nínú ilé?"

"Inú ilé wo? Èmi àtìyàwó mi nìkan la wà níbẹ̀. Èmi rèé. Ìyàwó mi ń sùn. Tí oòrùn bá kọ̀ tí ò yọ lónìí, ìyàwó mi ò ní mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i ná."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn?" Ó fa bírò yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé páìpù ti lu lábẹ́ géètì ilé kẹsàn-án, kí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀.

Àṣìṣe tó gba ẹni tó mọṣẹ́ láti ṣe nìyẹn o. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa omi ì bá wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni ọkùnrin márùn-ún dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọgbà iwájú ilé, wọ́n sì hú gbogbo òdòdó pupa tí Ìyá Wọn gbìn sẹ́bàá géètì. Ìyàwó jáde síta pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Kí lẹ̀ ń wá nínú òdòdó mi?"

"Omi ń jò lábẹ́ ilé wa, Ìyá Wọn," Bàbá Olómi dáhùn, ó sì gbé àyà síwájú díẹ̀. "Èmi fúnra mi ni mo gbọ́ ọ."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó ń ya gbùrùgbùrù."

 Ìyá Wọn di téèpù ọrùn rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́. Nígbà tó sọ pé òun ń lọ gbé tíì wá fún àwọn òṣìṣẹ́, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ọkọ rẹ̀ rò pé nítorí òdòdó ni.

Wọ́n gbẹ́ ẹ títí wọ́n fi kan páìpù. Ilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Wọ́n fọwọ́ nu páìpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò lu, kò sán, kò tilẹ̀ dógùn-ún. Bàbá Olómi wọ inú kòtò, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá omi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Kò sí ẹ̀kán kan. Ó la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé.

"Etí ti fẹ̀yìn tì ṣáájú olúwa ẹ̀," ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Olómi gbìyànjú láti bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì í débi pé kò lè jáde nínú kòtò títí wọ́n fi mu tíì tán.

Kò lè gbà. Ilẹ̀ tó gbẹ ni ilẹ̀ tó gbẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ omi. Ní Ọjọ́rú, ó ní kí Afínjú máa lọ dúró de òun ní oríta, ó sì dá padà sí àdúgbò rẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì kó padà, rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbé etí lé ọ̀pá.

Omi ṣí. Omi dúró. Ó tún ṣí, ó kéré, ó dúró lẹ́ẹ̀kan náà.  Omi tó ń jò kì í sinmi. Ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí ẹ̀rọ yìí. Bàbá Olómi fẹ́ dìde, ni nǹkan mìíràn bá gba inú páìpù wá, ó rí tínrín, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀.

Súfèé ni. Ẹnìkan ń súfèé nínú ilé rẹ̀.

 Ìyàwó rẹ̀ kì í súfèé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọkùnrin ló wà nínú ilé! Ọkùnrin kan wà tó ń wẹ̀ nínú ilé òun láàárọ̀, tí ara sì tù ú débi pé ó ń súfèé! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ta ni. Ó fura sí káfíńtà, ó fura sí ẹni tó ń ta òwú fún ìyàwó rẹ̀, ó fura sí àbúrò ara rẹ̀ ọkùnrin, ó tún fura sí ẹni tó kun ilé wọn nígbà kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ó ti fẹ̀sùn kan ọkùnrin mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú láti ọdún tó kọjá.

Ó di ọ̀pá etí mú bí ẹni di kùmọ̀ mú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyàwó rẹ̀ ló rí.

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú bàsíà omi gbígbóná, ooru ń rú lára rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti ya irun rẹ̀ dáadáa, yẹtí wà létí rẹ̀. Gáùn aláwọ̀ ìyeyè kan ló wọ̀, èyí tí Bàbá Olómi fún un nígbà tí àkọ́bí wọn wà lọ́wọ́. Ó ti ní gáùn ọ̀hún kò gba òun mọ́ láti ìgbà náà. Ó gbà á dáadáa. Ife tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń bó ọsàn díẹ̀díẹ̀, èèpo rẹ̀ ń gùn sílẹ̀ láìjá, ó sì ń súfèé. Kì í ṣe súfèé ẹni tó ń kọ́ ọ. Súfèé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Bàbá Olómi wá ọkùnrin náà yíká. Kò sí ọkùnrin kankan. Kàkà kí ara rẹ̀ balẹ̀, ńṣe ni ẹ̀rù tún bà á sí i.

Ta ni obìnrin yìí? Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nínú iná ilé ìdáná, ojú náà sì dán, ó fọkàn balẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti rí irú ojú yẹn kẹ́yìn, kò tilẹ̀ rántí ọdún tó jẹ́. Ó dùn mọ́ ọn láti rí i. Ó la ẹnu, ó fẹ́ pè é. Ó fẹ́ sọ pé, Ìyá Wọn, o ti jí! Èmi náà rèé!

Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó wo aago tó wà lára ògiri ilé ìdáná. Ó rí i pé aago márùn-ún kò tíì lù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ ilé ìwé tó rí i pé ìsinmi ṣì kù, ó sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú omi dáadáa.

Ẹnu Bàbá Olómi pa dé. Ìsinmi tó ṣì kù yẹn, òun gan-an ni òpin rẹ̀. Bí òun bá ti wọlé, ó parí nìyẹn.

Kò mọ iye àkókò tó fi kúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó máa rántí iṣẹ́, ojú ọ̀run ti là. Àdúgbò mẹ́ta kò rí omi títí di aago méje lọ́jọ́ náà, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, wọ́n ń bú u. Ó yí kọ́kọ́rọ́ ní ìgbà mẹ́tàlélógún láìdá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Nígbà tó padà dé ilé ní aago mẹ́jọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ti géètì kó dún. Ó wọlé. Ìyá Wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tòun ti aṣọ ìsùn, irun rẹ̀ rí wúruwùru, ojú rẹ̀ là díẹ̀ bí ojú ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń dùn.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá wọn," ó wí. "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

Ó yán. Bàbá Olómi wo ẹnu náà bó ṣe ń là àti bó ṣe ń padé. Òórùn ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ ọ́ lójú débi pé kò rí "ọ̀gá olóorun" sọ. Pé ìyàwó òun ń jí, èyí kò dun òun tó bẹ́ẹ̀. Pé ó ń wọṣọ, ó ń bọ́ ọ, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ da irun rú, ó ń padà sórí ibùsùn wá yán fún òun lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn gan-an ló dun òun! Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sọ pé orí ń fọ́ òun.

Síbẹ̀, ó ní kí òun bi í. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lọ dúró tì í.

"Ìyá Wọn. Láti Mọ́ńdè, màá máa wà nílé láàárọ̀ o."

Ẹ̀rọ dúró. "Mo mọ̀."

"Mo rò pé a ó jọ máa jí. Ká jọ máa jókòó sẹ́yìnkùlé."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

"Ṣé ó máa dùn mọ́ ẹ?"

Ó tún aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ṣe. "Ilé yín ni, bàbá wọn."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé aṣọ náà sókè, ó ti rán apá mọ́ ọrùn. Obìnrin tí kì í ṣi aṣọ rán! Ó mú abẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbójú sókè. Bàbá Olómi kúrò níbẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì tún bínú díẹ̀, ó sì wá ń ṣàánú rẹ̀ lórí ìbínú náà. Kò mọ èwo ni kó mú.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dá kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀pá padà. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ dáadáa nípa rẹ̀. Àwọn ọkùnrin oníṣọ́bìrì náà sọ ti wọn, wọ́n ní kó rọra máa tọ́jú etí ọ̀hún, ẹ̀rín sọ. Afínjú ti rí ibi tí omi ti ń jò gan-an, ní kọ́nà ìsàlẹ̀ ilé kẹrìnlá. Ó fa Bàbá Olómi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ̀yin ò ṣì í gbọ́. Omi ń ṣàn nílé yín lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn. Wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá Olómi wo àwọn ọkùnrin náà. Etí yìí nìkan ni ohun tí wọn ì bá máa fi rántí rẹ̀ níbi iṣẹ́ náà. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó wí. "Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ǹṣì yín ńkọ́? Ṣé kí n bá yín gbé e délé?"

"Bá mi gbé e sídìí ògiri ilé búrẹ́dì."

Afínjú wò ó, kò béèrè ìdí. Ó ká ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé orí bẹ́ǹṣì kan, Bàbá Olómi gbé èkejì.

Ní Ọjọ́ Ajé, ojú Bàbá Olómi là kí aago mẹ́rin tó lù, láìsí ẹni tó jí i. Ó dùbúlẹ̀, kò mira. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń mí lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ń mí geere, ó ń mí déédéé. Ó tẹ́tí sí i. Ẹni tó sùn kì í mí déédéé tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń ṣe bí ẹni tó sùn, èkejì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Bí òun bá dúró síbẹ̀, obìnrin yìí yóò dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́, lónìí, lọ́la, títí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò kú. Gáùn náà yóò wà níbi tó wà. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn ún wọra. Ó dìde.

Ó wọ ṣòkòtò nínú òkùnkùn, ó gbé bàtà lọ́wọ́, ó na ọwọ́ sí ìṣó ara ògiri níbi tí fìlà rẹ̀ máa ń wà. Fìlà kò sí níbẹ̀. Ó tún fọwọ́ wá ògiri.

"Fìlà yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ohùn kan wí láti abẹ́ aṣọ ìbora.

Oorun kankan kò sí nínú ohùn náà. Ara Bàbá Olómi ta gìrì. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, fìlà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Fúláàsì kékeré kan wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ooru tíì fẹ́ sí i lójú. Ìyàwó rẹ̀ ti dìde lọ po tíì, ó ti padà wá sùn, òun tó létí kò sì gbọ́!

"Ìyá Wọn..."

"Ẹ má tanná."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́rú. Ojú orúnkún méjì wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé mi, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ níwájú ilé sì wà nínú ẹ̀. Ta lẹ rò pé mo máa rò pé ó jẹ́?"

Bàbá Olómi fọwọ́ nu orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìyàwó rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Lọ́dún tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, ìyá yín sì wà ní yàrá kejì. Wọ́n ń pè mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wákàtí yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó ń pè mí. Gbogbo wọn ti lọ báyìí, mo mọ̀. Mi ò kàn lè fi í sílẹ̀ ni."

"O ò bá ti sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún yín, inú yín á dùn," ó wí, "ẹ á sì dúró."

Òótọ́ ni. Ó mọ ara rẹ̀ dáadáa, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ó dé fìlà, ó gbé fúláàsì, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má dé ṣáájú aago mẹ́jọ o."

"Mo gbọ́."

Ó ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tún pè é.

"Bàbá wọn."

"Hẹ̀n?"

"Ní Sátidé, ẹ lè dúró."

Bàbá Olómi tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa. Ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kò tíì dé géètì tó fi gbọ́ ọ, láìsí ọ̀pá etí lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀rọ ṣí nínú ilé kẹsàn-án, súfèé sì tẹ̀ lé e.